Bẹ̀rẹ̀ Láti Ìbàdàn: Lẹ́tà sí Àbíkẹ́

Ìjàyè Òrílé,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Iṣẹ́ tí o rán sí mi dé etí mi, pé o fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn ilé àtijọ́ nígbà ìsinmi ilé-ìwé, àti pé Badagry lọkàn rẹ ń fà sí, níbi tí pẹ́tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 wà. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí o tó náwó ọkọ̀ lọ ọ̀nà jíjìn, Ìbàdàn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Láti Mọ́níyà tí ẹ ń gbé, ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ilẹ̀ kò ní ṣú.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ Ìjàyè ni ọ́. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, tí Adélù Àrẹ̀mọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, Ààrẹ Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní òun kò ní forí balẹ̀ fún un, nítorí àṣà wí pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ogun bẹ́ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Ẹni tó ráyè sá, Abẹ́òkúta ló forí lé; ẹni tí kò ráyè di ẹrú. Ilé Ààrẹ lọ, ilé àwọn ìjòyè lọ, ilé ìsìn tí Thomas Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, kọ́ síbẹ̀ ní 1854 náà lọ. Ìjàyè tí a ń gbé lónìí, àwọn tó padà wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló tún un tẹ̀dó. Ẹnu nìkan la fi ń sọ ìtàn Kúrunmí fún ọmọ. Kò sí ògiri rẹ̀ tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Ó yẹ kí ọmọ Ìjàyè mọ iyì ilé tó ṣì dúró ju ẹlòmíràn lọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé a kò gbọdọ̀ lọ wo ilé àwọn tó fọ́ ìlú wa. Ogun ti parí, a ti fẹ́ ara wa, a ti bímọ fún ara wa, ìtàn wọn sì ti wọnú tiwa.

Kúdẹtì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni David Hinderer, míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ sí ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1854. Sọ fún àwọn ọmọ pé ogun Ìjàyè wọ ilé náà. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà etíkun, owó àti ẹrù kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́; ẹrù ilé ni wọ́n ń tà kí àwọn àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè jẹun. Ebi tó pa Ìjàyè pa àlejò tó wà láàrin àwọn tó dó tì í.

Ẹ gba Òkè-Ọ̀fà, kí ẹ wo ilé Baálẹ̀ Ìrẹfin, tó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn láti 1912 sí 1914. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ gun òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngàn ìlú wà. Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy ló kọ́ gbọ̀ngàn yẹn, Gómìnà Graeme Thomson ló sì ṣí i ní 1929. Ní kí àwọn ọmọ dúró ti àwọn òpó rẹ̀, kí wọ́n wo òrùlé páànù ìlú nísàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé adé lé Olúbàdàn lórí, ṣùgbọ́n má ṣe dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, Mápó ni àwọn àgbẹ̀ gbé ẹjọ́ owó orí lọ. Táfà Adéoyè ará Akànràn wà níwájú wọn. Àwọn tó jáde nígbà náà, abúlé bíi tiwa ni wọ́n ti wá. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀ kí ìjọba tó dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá dé Mápó, kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

Láti Mápó, ẹ kọjá sí ilé ìṣọ́ Láyípo ní Òkè Ààrẹ. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà ní ìrántí Captain Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Bower yìí kan náà ló yìnbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Kí àwọn ọmọ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dókè, kí wọ́n gbádùn afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì gbọ́ èyí náà.

Nítorí kò sí ilé ńlá tí kò ná ẹnìkan ní nǹkan. Àwọn balógun Ìbàdàn ní agbo ilé rẹpẹtẹ, ẹrú tí wọ́n kó lógun ló sì ń ṣe iṣẹ́ oko àti ti ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ òyìnbó. Ilé Harewood tó wà nítòsí Leeds ní Gẹ̀ẹ́sì, owó ìrèké àti ẹrú dúdú ní erékùṣù Caribbean ni ìdílé Lascelles fi kọ́ ọ, lónìí wọ́n ń sọ ọ́ fún àlejò. Kọ́ àwọn ọmọ láti máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta níbi gbogbo: ta ló kọ́ ọ, ibo lowó ti wá, ta ló ṣe làálàá rẹ̀?

Ilé tí ènìyàn bá ṣì ń gbé, ẹ má ṣe já wọ ibẹ̀. Mú obì dání, béèrè mọ́gàjí tàbí àgbà ilé. Kí àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, ẹ tọrọ àyè. Tí àgbà bá ń ki oríkì, tó ń sọ ìtàn, ẹ má kánjú. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè má sí nínú ìwé kankan.

Má sì fi í dọ́la. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú, Èkó, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o palẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ sílẹ̀ láti 1895, wọ́n ń pè é ní National Trust. Àwa kò gbọdọ̀ dúró de ẹgbẹ́. Ọmọ tó ti wọ ilé kan, tó mọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, kò ní fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wó o tà.

Tí ẹ bá ti lọ tẹ́ ẹ sì bọ̀, kó wọn wá bá mi. Kí olúkúlùkù kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé, kó kà á sí mi létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa lọ sí Badagry.

Olúwa yóò ṣọ́ ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ àgbà.