Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé: Omi Inú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́



Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ kan wò ní agbègbè Challenge, mo rí i pé wọ́n ti dá owó ẹ̀yáwó dúró. Owó tí àwọn òbí ń retí láti fi san owó ilé-ìwé ni wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ ṣe. Kí ni ó ba ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì náà jẹ́? Omi kànga ni. Ọdún mẹ́ta ni awakọ̀ fi ń bu ú sí rédíétọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlú òtútù nìkan ni kúláǹtì wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi lásán a máa hó ní ìwọ̀n 100 Celsius. Bí a bá po kúláǹtì àti omi ní ìlàjì-ìlàjì, ó di nǹkan bí 107 kí ó tó hó. Ọmọrí rédíétọ̀ tí ó dé dáadáa tún ń gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ring Road lọ́sàn-án gangan mọ ìwúlò èyí.

Èkejì, oògùn wà nínú kúláǹtì tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Omi kànga a máa fi ìpẹ́pẹ́ funfun sílẹ̀, bí irú èyí tí ó máa ń wà ní ìdí ìkòkò tí a fi ń se omi, ìpẹ́pẹ́ yìí a sì dí ọ̀nà omi. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tún máa ń gbọ̀n púpọ̀. Gbígbọ̀n yìí ń dá ìhó wẹ́wẹ́ sí ara sílíńdà, tí yóò máa jẹ irin náà títí yóò fi dá ihò sí i. Oògùn inú kúláǹtì ni ó ń dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n oògùn yìí máa ń tán. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò tí ìwé ọkọ̀ bá sọ.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀:

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí nígbà tí ó gbóná, omi yóò bó yín lójú.

2. Ẹ gbé ọpọ́n sábẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tú ti àtijọ́ jáde. Májèlé ni, ó sì ń dùn lẹ́nu. Ẹ má dà á síbi tí ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn ti lè tọ́ ọ wò.

3. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ títí èyí tí ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Ẹ yẹ àwọn rọ́bà omi wò.

4. Ẹ ra irú kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ. Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi yàn án. Omi tí kò ní iyọ̀ nínú, irú èyí tí a ń tà fún bátìrì, ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ ṣọ́ra kí ó má ṣe ásíìdì.

5. Ẹ rọra dà á kí atẹ́gùn lè jáde. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á, kí ó tutù, kí ẹ sì tún rọ èyí tí ó bá kù.

6. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sínú ìwé ọkọ̀.

Ẹ má fojú kéré ti ẹlẹ́ẹ̀kẹfà yìí. Ohun tí gbogbo wa jọ ní, bí a kò bá yan ẹni tí yóò máa wò ó, ó dà bí ẹni pé kò ní olówó.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ta ni ó ń yẹ ọkọ̀ ẹgbẹ́ yín wò? Ọjọ́ wo ni a pààrọ̀ kúláǹtì rẹ̀ kẹ́yìn? Níbo ni a kọ ọ́ sí?