Bí A Ṣe Ń Gbé Amúlétutù Ojú Fèrèsé Sínú Ṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹténà

Láti ìdí bíríìjì Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó tí wọ́n ṣí lọ́dún 2017 títí dé ọ̀nà Ilé Epo, ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹténà pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta: ti onídìrí, ti oní-POS, ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti lu irin yẹn, oníbàárà kì í fẹ́ wọlé. Fáànù kò sì ràn án, ooru tó wà nínú ilé náà ló ń fẹ́ kiri. Amúlétutù ojú fèrèsé ló bá irú ilé bẹ́ẹ̀ mu, torí odidi ẹ̀rọ náà wà nínú páálí irin kan ṣoṣo, kò ní páìpù gáàsì tí a ó máa so bíi ti split. Tí a bá ní wẹ́dà kan àti oníṣẹ́ iná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, a lè ṣe é láìmọ iṣẹ́ kankan tẹ́lẹ̀.

Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí a nílò ni téèpù, ṣọ́ọ̀kì, gíráńdà àti dísìkì ìgérin, díríìlì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà, irin áńgù oníǹṣì kan àbọ̀, rọ́bà táyà àlòkù, fóòmù, sílíkóònù àti ọ̀dà red oxide.

1. Ẹ jẹ́ ká yan ẹ̀rọ. Horsepower 1, èyí tó máa ń tó BTU 9,000, tó fún kọ̀ǹténà yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 1.5 fún yín nítorí ọlá: á tètè tutù, á tètè dúró, ọ̀rinrin á sì kù nínú ilé. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti ọjà Alaba, ẹ ka àwo kékeré tó wà lára rẹ̀. 220 sí 240 volt àti 50 Hz la fẹ́. Èyí tó bá gbé 115 volt àti 60 Hz, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Iná wa á jó o. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kí ẹ sì dúró tì í títí iwájú yóò fi tutù tí ẹ̀yìn yóò sì gbóná.

2. Ká ṣírò iná kí a tó gé irin. Ẹ̀rọ yìí ń jẹ bíi wáàtì 900 tó bá ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bó bá ń gbéra, agbára tó ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour kò fi lè gbé e. Ẹ wá kVA 2.5, ó kéré tán. Tí iná òpó bá ń lọ sókè sódò ní àdúgbò yín, ẹ fi sítébíláísà tó ń dúró díẹ̀ kó tó gbé iná sílẹ̀ síwájú rẹ̀.

3. Ká wá ojú ibi tí yóò wà. Atẹ́gùn tútù máa ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹ gbé e ga: kí ìdí rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀ sí ilẹ̀. Ẹ yàgò fún ìhà ìwọ̀ oòrùn bó bá ṣeé ṣe. Ẹ wo ẹ̀yìn náà pẹ̀lú: kí ààyè tó tó ìdajì mítà wà níbẹ̀, kí ooru má sì máa fẹ́ sí ojú aládùúgbò. Ìjà ọdún mẹ́wàá ló ń tibẹ̀ wá.

4. Ká gé ihò. Ẹ wọn ara ẹ̀rọ, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Òpó irin tó dúró láàárín ògiri kọ̀ǹténà, ẹ má gé e. Ó ń gbé òrùlé. Ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù, ẹ kó kẹ́ẹ̀gì epo, sílíńdà gáàsì àti fóòmù òrùlé kúrò nítòsí, torí iná tó ń ta láti ẹnu gíráńdà ń fò jìnnà. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó gé láti igun dé igun. Ẹ fi ọ̀dà kun ẹnu irin lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn Èkó kò pẹ́ rárá, òjò ń bọ̀.

5. Ká ṣe férémù àti ẹsẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti ń yára jù. Ẹ̀rọ yìí lè tó kílò 30, ó sì ń gbọ̀n. Awọ irin kọ̀ǹténà nìkan kò lè gbé e. Ẹ jó irin áńgù yí ihò ká, kí ẹ sì jó apá méjì jáde síta, tí ọ̀pá dídábùú yóò gbé láti ìsàlẹ̀. Ara òpó ni kí ẹsẹ̀ ọ̀pá yẹn ti jáde. Ẹ tẹ́ rọ́bà táyà sórí àwọn apá náà kó lè gba gbígbọ̀n mọ́ra. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tàbí túrélà tó ń rìn la fẹ́ ṣe é sí, ẹ fi bóòtù mẹ́rin de ìdí rẹ̀ mọ́ irin.

6. Ká gbé e sí i, ká dà á sẹ́yìn. Ènìyàn méjì ni kó gbé e. Lọ́dún 1902, nígbà tí Willis Carrier ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ ló fẹ́ fà kúrò. Títí dòní, amúlétutù ń fa omi jáde nínú afẹ́fẹ́, omi náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan rẹlẹ̀ ju iwájú lọ. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ so rọ́bà kékeré mọ́ ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, kó lọ sínú garawa. Omi yẹn kì í ṣe fún mímu.

7. Ká dí àlàfo. Fóòmù ni ti inú, sílíkóònù ni ti ìta. Àwọn ojú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà níta pátápátá. Bí ògiri tàbí fóòmù bá bò wọ́n, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á gbóná kú. Nítorí olè, ẹ ṣe kéèjì irin tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì fi bóòtù dè é. Ẹ má jó o pa, ọjọ́ àtúnṣe ń bọ̀.

8. Ká so iná. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná nìyí. Wáyà 2.5 láti bíréékà ampere 20, sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ìfàgùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni wáyà earth: irin ni gbogbo ilé yìí, bí iná bá jò sí ara rẹ̀, ẹni tó bá di ilẹ̀kùn mú ló máa gbé e. Kí ọ̀pá earth wọ ilẹ̀ tútù, kí wáyà rẹ̀ sì so mọ́ ara kọ̀ǹténà àti ẹ̀rọ.

9. Ká tàn án. Lẹ́yìn wákàtí kan, omi yẹ kó ti máa kán lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ kán sínú. Bí iná bá lọ tó sì dé, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó tún un tàn, kí gáàsì inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Eruku ọ̀nà Abẹ́òkúta pọ̀, nítorí náà ẹ máa fọ fílítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ní báyìí tí ilẹ̀kùn yóò máa wà ní títì, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹ sì kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí òdìkejì. Gáàsì olóró inú èéfín yẹn kò ní àwọ̀ tí a lè fi dá a mọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú kọ̀ǹténà rárá, ìbáà jẹ́ lásìkò òjò.