Ìdin inú mángòrò: ibo ló ti ń wá?

Ẹ mú mángòrò kan tó pọ́n, tó dára lójú. Ẹ là á sí méjì. Ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Ẹ ti rí irú èyí rí, àbí? Oníbàárà tó bá là á lójú yín kò ní padà wá mọ́.

Àwọn kan ní òjò ló fà á. Àwọn mìíràn ní igi náà ti gbó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eṣinṣin kan ló fà á. Kì í ṣe eṣinṣin tó ń bà lé oúnjẹ. Èyí jọ agbọ́n kékeré. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ọdún 2004 sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Abo rẹ̀ ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ ní ìdí. Ó ń fi í gún èèpo mángòrò, ó sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹyin di ìdin, ìdin ń jẹ èso, èso á jẹrà, á já bọ́.

Ẹ fiyè sí ibí yìí dáadáa. Bí mángòrò bá já bọ́, ìdin kò kú. Ó ń jáde, ó ń wọ inú ilẹ̀ lábẹ́ igi. Ibẹ̀ ló ti ń di eṣinṣin tó ń fò, á sì padà sórí igi. Bí a bá fi mángòrò jíjẹrà sílẹ̀ lábẹ́ igi, àwa fúnra wa là ń sin eṣinṣin náà bí ẹni sin adìẹ.

Nítorí náà, ẹ máa ṣa gbogbo èyí tó bá já bọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀. Ẹ má dà á sí ààtàn. Ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, ẹ dì í lẹ́nu típẹ́típẹ́, kí ó wà nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ooru á pa ìdin. Bí kò bá sí náílọ́ọ̀nù, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn ju ìdajì mítà lọ, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ bá aládùúgbò yín sọ ọ́ pẹ̀lú. Eṣinṣin kò mọ ààlà.

Ẹ má fín oògùn òwú sí igi mángòrò. Ìdin wà nínú èso, oògùn náà kò kàn án. Ara èèpo ló ń kù sí, àwọn ọmọ wa kì í sì í fọ mángòrò kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin sì ní olùrànlọ́wọ́ kan tí ẹ máa ń fi iná sun: èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́ ilé sórí igi. Mo mọ̀ pé ó ń ta ni. Ẹni tó bá ti gun igi mángòrò rí mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti wo oko mángòrò ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n rí i pé níbi tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, ìdin kì í pọ̀ nínú èso. Èèrà ń rìn lórí èso, ó ń lé eṣinṣin, kò jẹ́ kó ráyè yé ẹyin.

Bí èèrà bá wà lórí igi kan, ẹ ta okùn láti ibẹ̀ dé igi kejì. Wọn á gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ má kó èèrà láti ibi méjì sórí igi kan, wọn á pa ara wọn. Nígbà ìkórè, ẹ fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ẹ sì lo ọ̀pá gígùn.

Ẹ jíròrò: Níbo ni ẹ ń da mángòrò jíjẹrà sí ní agboolé yín? Ta ni yóò máa ṣa á?