Ẹ̀KỌ́ OJÚ ỌJỌ́: ÌDÍ TÍ A FI Ń WỌN ÓSÓÒNÙ LÁTI ILẸ̀

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ohun kan tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n tó ń dáàbò bo ojú àti awọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn.

1. Kí ni ósóònù? Afẹ́fẹ́ kan ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lókè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sí 35 sí ilẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ ara, tó sì lè mú funfun bo ẹyinjú, dé ọ̀dọ̀ wa tán. Síbẹ̀, bí a bá kó gbogbo rẹ̀ wá sílẹ̀, kò ní nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ.

2. Báwo ni a ṣe ń wọ̀n ọ́n? Láàárín 1920 sí 1930, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Dobson, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ìtànṣán méjì wéra: èyí tí ósóònù ń dá dúró púpọ̀, àti èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dá dúró. Ìyàtọ̀ wọn ni ó ń sọ bí ósóònù ti pọ̀ tó. Irú ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó nínú àwọn ọdún 1990. Ní Yunifásítì Ìlọrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wọn oòrùn tó ń dé ilẹ̀ ní 1992. Ní 1998 ni wọ́n fi ti eruku ọyẹ́ àti èéfín kún un.

3. Ìkúukùu ńkọ́? Ìkúukùu tó ṣú lè tan ẹ̀rọ jẹ, kí ósóònù dà bí ẹni pé ó pọ̀ ju bó ti rí lọ. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ bí ojú ọ̀run ti rí sílẹ̀ nígbàkigbà tó bá wọ̀n ọ́n.

4. Èéṣe tó fi gbọ́dọ̀ pẹ́? Òjò ọdún kan kò tó láti mọ ìwà ilẹ̀. Ní Halley, nínú yìnyín ìhà gúúsù ayé, wọ́n ti ń wọn ósóònù láti 1957. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nígbà tó fi di 1985, wọ́n kéde pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ ní oṣù October. Afẹ́fẹ́ inú fìríìjì àti agolo tí a ń tẹ̀ fín ló fà á. Bí kò bá sí ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́, ta ni ì bá gbà á gbọ́? Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dá wọn dúró. Nàìjíríà náà wọ̀ ọ́.

5. Kí ló kàn wá? Ọyẹ́ tó ń kọjá lórí Ìlọrin ń kọjá lórí wa pẹ̀lú. Bí a bá sun igbó, oòrùn ń sọ èéfín rẹ̀ di ósóònù nítòsí ilẹ̀. Èyí kì í ṣe ààbò: ó ń ba ewé ohun ọ̀gbìn jẹ́, ó sì ń fa ikọ́. Ẹ ro koríko, ẹ má ṣe jó o. Ẹ dé akẹtẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ìkúukùu fẹ́lẹ́ bá bo oòrùn, nítorí ìtànṣán náà ń là á kọjá. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ àfín jù lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nílé:
(a) Ósóònù wo ló ṣeé fẹ́, èwo ni kò ṣeé fẹ́?
(b) Kí ló dé tí a fi ń kọ ìkúukùu sílẹ̀?
(d) Ta ni nínú ilé yín yóò máa kọ ọjọ́ òjò àti ọjọ́ ọyẹ́ sílẹ̀ láti ọdún yìí lọ?