Fínígà, Bleach àti Ọfà Méjì: Ẹ̀kọ́ Equilibrium láti Inú Balùwẹ̀ Mi

Equilibrium ni a sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ètò wa lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa la kọ́ ọ sórí torí ìdánwò. Èmi, inú balùwẹ̀ ni ó ti yé mi.

Lichtenberg ni mò ń gbé, ní ìlà-oòrùn Berlin. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi ìlú yìí, kálíṣíọ̀mù sì pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ń sè é, ohun funfun kan á máa lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Kalk ni àwọn ará Jámánì ń pè é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé:

Ca²⁺ + 2HCO₃⁻ ⇌ CaCO₃ + CO₂ + H₂O

Ọfà méjì yẹn ni kókó. Ó ń sọ pé reaction yìí ń lọ, ó sì ń bọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹnu ọ̀nà Dong Xuan Center, ọjà àwọn ará Vietnam tó wà ní Herzbergstraße níbí. Bí èèyàn 10 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, tí 10 sì ń jáde, iye àwọn tó wà nínú ọjà kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ò dá lẹ́nu ọ̀nà. Ìdọ́gba nìyẹn, kì í ṣe ìdúró.

Ní 1884, Henri Le Chatelier, ará Faransé, ṣàlàyé pé tí a bá da ìdọ́gba yìí rú, reaction náà á ṣí sí apá tó máa dín ohun tí a ṣe sí i kù. Tí omi bá ń hó, CO₂ ń sá lọ. Reaction á wá ṣí sí ọ̀tún, Kalk á sì pọ̀ sí i.

Fínígà ló ń yọ Kalk. Ásíìdì aláìlágbára ni ethanoic acid inú rẹ̀: Ka rẹ̀ jẹ́ 1.8 × 10⁻⁵, ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń tú H⁺ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí carbonate inú Kalk, tó jẹ́ base, ṣe ń gba H⁺ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ásíìdì tó kù ń tú òmíràn sílẹ̀. Aláìlágbára kì í ṣe aláìwúlò.

Ibi tí kì í ṣe eré rèé. Lọ́jọ́ kan, mo ti da fínígà sára ògiri balùwẹ̀. Mo ní kí n fi bleach kún un kó lè tètè mọ́. Mo ti ṣí ìdérí rẹ̀ kí èyí tó sọ sí mi lọ́kàn:

HOCl + H⁺ + Cl⁻ ⇌ Cl₂ + H₂O

Base ló kún inú bleach, H⁺ rẹ̀ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí reaction yìí fi ń jókòó sí òsì. Tí ásíìdì bá wọ̀ ọ́, H⁺ á pọ̀, reaction á sáré sí ọ̀tún, gáàsì chlorine á sì jáde. Gáàsì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní April 1915. Fritz Haber ló darí ètò náà, Dahlem, ní Berlin yìí kan náà, sì ni ilé ìwádìí rẹ̀ wà. Mo dé ìdérí mi padà, mo ṣí fèrèsé, mo fi omi ṣan ògiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe da bleach pọ̀ mọ́ fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohun ìfọ ilé ìgbẹ́ tó ní ásíìdì. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ará ilé náà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: àwọn tó ń ṣe bleach máa ń fi sodium hydroxide sí i. Apá wo ni ìyẹn ń ti reaction kejì yẹn sí, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ ronú sí i kí a tó tún pàdé.