Bí A Ṣe Ń Gba Àdírẹ́sì Ímeèlì Òǹkàwé

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi ẹ̀bùn fa àwọn òǹkàwé kí wọ́n lè fún mi ní ímeèlì wọn?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ sọ ohun tí wọn yóò máa rí kà àti ọjọ́ tí yóò máa dé. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, owó ẹyọ ni àwọn òǹkàwé sì fi ń rà á: ohun kíkà ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ lè ní ẹ̀bùn yá jù. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ẹ̀bùn fà wá kì í sábà ṣí lẹ́tà kejì, òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 sì fún un láyè láti yọwọ́. Ímeèlì nìkan ni kí ẹ béèrè. Ẹ má fi ìbéèrè nọ́ńbà fóònù dà wọ́n láàmú.