Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÒKÈ INÁ KARTALA ÀTI OMI ERÉKÙṢÙ NGAZIDJA

Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Suuratul-Ankabuut, áyà 20, pé kí ọmọ ènìyàn rìn lórí ilẹ̀ kí ó sì wo bí ìṣẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti lè rí ilẹ̀ tuntun tó ń dáyé lójú ẹni kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ngazidja, erékùṣù tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè Kòmórò, láàrin Mòsáńbíìkì àti Madagásíkà. Ìlú Mùsùlùmí ni. Moroni, olú-ìlú rẹ̀, wà ní ẹsẹ̀ òkè náà gan-an, mọ́sálásí funfun àtijọ́ rẹ̀ wà létí òkun, òkúta dúdú sì yí i ká.

Òkè ayọnáyèéfín ló kọ́ gbogbo erékùṣù náà pátá. Òkúta tó yọ́ ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ó ń dì, òmíràn ń gorí rẹ̀, títí ilẹ̀ fi yọ lójú omi. Òkè Kartala, tó ga ní mítà 2,361, ò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́ náà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 3 sí 4. Ní ọdún 1977, òkúta yíyọ́ ṣàn wọ abúlé Singani, ó sì ba ilé púpọ̀ jẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òkè kan náà ni igbó dúdú wà, níbi tí òwìwí kékeré kan ń gbé tí kò sí níbòmíràn láyé. Nísàlẹ̀, wọ́n ń gbin fànílà, kànáfùrù àti òdòdó ylang-ylang tí wọ́n fi ń ṣe lọ́fínńdà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òórùn dídùn lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi í para láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló yà mí lẹ́nu jù. Òjò ń rọ̀ púpọ̀ ní Ngazidja, àmọ́ kò sí odò kan tó ń ṣàn níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Òkúta iná kún fún ihò àti sísán. Bí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ ti fà á mu. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ní táǹkì oníṣìmẹ́ńtì tó ń gba omi láti orí òrùlé. Ní àríwá, nítòsí Bangwa-Kuuni, adágún omi iyọ̀ kan wà létí òkun tí àwọn àlejò máa ń lọ wò. Àwọn ará ibẹ̀ ń pa ìtàn pé abúlé kan wà níbẹ̀ rí, wọ́n fi omi mímu du àlejò, ni abúlé náà bá rì. Ìtàn ni o. Ẹnu òkè iná àtijọ́ ni adágún náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé omi ni ìtàn ọ̀hún dá lé, kì í ṣe wúrà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, Kartala bú, eérú rẹ̀ bo ìlú, ó sì ba omi inú táǹkì jẹ́. Wọ́n ní láti máa wá omi mímu fún àwọn ènìyàn.

Bí omi bá wọ́n tó báyìí, kí ni ti àlùwàlá? Tayammum ni. Àwọn ará Kòmórò ń tẹ̀lé Ìmáàmù Sháfíì, ẹni tó ní erùpẹ̀ tó ní eruku ni kí á fi ṣe é. Ìmáàmù Málíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, gba gbogbo ohun tó jẹ́ ojú ilẹ̀, títí kan òkúta. Bí ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Moroni bá jọ gun Kartala tí omi wọn tán, ọmọ Ìbàdàn lè fi ọwọ́ lu àpáta dúdú kí ó kírun. Ọmọ Moroni á wá ibi tí eruku wà. Kí ẹnikẹ́ni má fi èkejì ṣẹ̀sín.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàrin oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá. Kí ó mú ẹni tó mọ ọ̀nà dání, àti aṣọ òtútù, nítorí òkè náà tutù lóru. Kí ó sì ru omi rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.